Àwọ̀ Aró Inú Èèkù Idà

Idà náà kò ṣẹ́ níbi tí idà ti máa ń ṣẹ́. Bí idà yóò bá ṣẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ ló máa ń lọ, tàbí àárín rẹ̀ níbi tí irin ti ń jẹ ìyà jù. Èyí ṣẹ́ nínú èèkù, lábẹ́ awọ tí òṣèré fi ọwọ́ dì mú, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé. Ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Òṣèré gbé idà sókè, ó fi gbá idà ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì rí i pé èèkù lásán ló kù sí òun lọ́wọ́. Irin yòókù ti fò kúrò lórí ìtàgé, ó ti bọ́ sáàárín àwọn àga.

Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó níbẹ̀, obìnrin tó ń ránṣọ fún ẹgbẹ́ òṣèré náà, tó ń ṣẹ́ etí ẹ̀wù kan lọ́wọ́. Idà eré kì í ní ẹnu, ọmọdé lè fi í ṣeré, àmọ́ ibi tí irin bá ti ṣẹ́ máa ń mú ju abẹ lọ. Ibẹ̀ ló fi gé aránṣọ náà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Dókítà ní kò ní kú. Ó ní iṣan tí ìka fi ń mọ nǹkan lára ló gé, pé ọwọ́ náà yóò máa ṣí, yóò máa pa dé, ṣùgbọ́n bóyá ló tún lè mọ̀ bí abẹ́rẹ́ bá wà láàárín ìka òun.

"Èèyàn ló ṣe é," ni Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ wí bó ṣe rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Sájẹ́ǹtì a máa rí èèyàn nídìí gbogbo nǹkan, títí kan òjò.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún kò dá a lóhùn. Obìnrin ni, Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó tíì gbọ́ kó pariwo rí. Ariwo tí Sájẹ́ǹtì ń pa tó àwọn méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú èèkù tó ṣẹ́ náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ iná.

"Ta ló di idà yìí mú?" ó béèrè.

Wọ́n mú òṣèré náà wá. Géńdé ọkùnrin ni, òun ló ń ṣe jagunjagun tí kì í sá nínú eré náà. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Àǹtí, wọ́n ní òun àti aránṣọ yìí jà láàárọ̀ òní," Sájẹ́ǹtì sọ ọ́ sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́. "Ẹni tó bá èèyàn jà láàárọ̀, tí irin sì fò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sàn-án..."

"Kí lẹ jà sí?" Jẹ́jẹ́ bi òṣèré náà.

"Ṣòkòtò. Mo ní ó fún mi jù. Wọ́n ní ikùn mi ló tóbi."

"Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́wọ́ wọn, níbo lẹ wà? Àwọn tó kù ní àwọn ò rí yín."

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wà. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi. Mi ò lè wo ẹ̀jẹ̀, láti kékeré ni. Àwọn fúnra wọn ló so aṣọ mọ́ ọwọ́ ara wọn, tí wọ́n ń pè mí pé kí n wá ran àwọn lọ́wọ́." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fáwọn tó kù."

Jẹ́jẹ́ ní kó máa lọ. Sájẹ́ǹtì ya ẹnu.

"Ẹ jẹ́ kó lọ? Ṣé ẹ ò rí i pé kò lè wo ojú yín ni?"

"Ìtìjú àti ẹ̀bi, ìrìn kan náà ni wọ́n ń rìn, Sájẹ́ǹtì. Àwọn méjèèjì kì í wo ojú èèyàn. Iṣẹ́ tiwa ni ká mọ èwo lèwo. Ojú ń ti ìyẹn torí pé ó sá. Ẹ wá wo nǹkan níbí."

Nǹkan mẹ́ta ló fi hàn án. Àkọ́kọ́, ojú ibi tí irin ti ṣẹ́ ní ìlà kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá, tó ní àwọ̀ aró, tó sì ń dán bí ọrùn ẹyẹlé. Ìkejì, orí okùn awọ tí wọ́n fi wé èèkù ti rún, ojú eyín èèyàn sì hàn lára rẹ̀ kedere. Ìkẹta, lára irin tó fò náà, níwájú ibi tí èèkù wà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ti fi nǹkan ṣóńṣó fa ìlà tín-ín-rín, mẹ́ta ni, wọn ò sì sí lójú kan náà.

"Kí ni gbogbo ìyẹn túmọ̀ sí?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ bi ẹni tó ṣe é."

*

Ẹni tó ṣe é lórúkọ. Bàbá Onídà ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà kan tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ pọ̀ sí. Yàrá gígùn kan ni. Tábìlì iṣẹ́ wà lápá kan, ẹ̀rọ ìpọ́nrin wà lápá kejì, sílíńdà gáàsì dúró nígun tí wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri, garawa yanrìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní, nítorí lẹ́búlẹ́bú irin tí wọ́n ń lò níbẹ̀ máa ń gbaná, omi kì í sì í pa á.

Taiténíọ̀mù ni irin náà, aláwọ̀ eérú ni, kì í dípẹtà, ó sì fúyẹ́ débi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e á rò pé igi ni wọ́n kùn lọ́dà tan òun. Àwọn òṣèré fẹ́ràn rẹ̀ torí apá kì í ro wọ́n. Ṣùgbọ́n fífúyẹ́ nìkan kò sọ irin di idà. Idà tí iwájú rẹ̀ wúwo ju ẹ̀yìn lọ, ńṣe ni yóò máa fa ọlọ́wọ́ rẹ̀ kiri. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wúwo jù, kò ní dáhùn bí a bá jù ú. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí ìka kan, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin síwájú èèkù. Ibẹ̀ ni òkìkí Bàbá Onídà wà. Yóò di ojú, yóò gbé idà lé orí ìka, yóò ní, "Ẹ̀yìn ń fà," yóò gé ìrù irin tó wọ inú èèkù díẹ̀, yóò tún gbé e lé e. Àwọn oníbàárà máa ń mú ọmọ wọn wá wò ó.

Wọ́n bá a nídìí ẹ̀rọ, ó ń pọ́n irin pẹlẹbẹ kan tí iná funfun ń ta lára rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gé awọ. Òun ló ń ṣe èèkù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ẹ kú àbọ̀ o. Mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Báwo ni obìnrin náà?"

"Wọ́n wà ní ọsibítù." Jẹ́jẹ́ ń sọ ọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ aránṣọ náà, Bàbá sì ń gbọ́, kò pa ẹ̀rọ, irin sì wà lórí òkúta. Bí ọmọbìnrin náà ṣe gbé ojú sókè, ó fò dìde, ó já irin náà gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó jù ú sínú omi. Omi náà ké ṣàà.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó, Bàbá," ó wí, ó ń yára sọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ wò ó ni."

Òórùn kan gba inú yàrá, ó jọ ti irun tó jóná. Bàbá wo àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni ń wo àtàǹpàkò ẹlòmíràn, ó sì fi ọwọ́ náà sápò.

Jẹ́jẹ́ gbé èèkù tó ṣẹ́ sórí tábìlì. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó rí ìlà aláwọ̀ aró náà, ara rẹ̀ sì dákẹ́. Kò wo bàbá rẹ̀. Èèyàn máa ń wo ara wọn bí nǹkan bá yà wọ́n lẹ́nu. Jẹ́jẹ́ ṣàkíyèsí pé ẹni tí kò fẹ́ wo ẹnì kan ti mọ nǹkan.

Bàbá ló kọ́kọ́ fọhùn. "Kì í ṣe irin mi nìyí. Wọ́n ti fi ayédèrú pààrọ̀ ẹ̀. Ajórin kan wà tó bá mi ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń lọ ra irin fún mi. Mo lé e, inú sì ń bí i. Ẹ lọ bi í."

"Ta ló wé awọ yìí?"

"Èmi ni mo máa ń wé gbogbo ẹ̀," ọmọ náà wí.

"Èyí ńkọ́?"

"Mo ní gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

*

Sájẹ́ǹtì ló ṣáájú wọ ilé iṣẹ́ Ajórin. Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, ìyàwó ọkùnrin náà sì ń gba ilẹ̀.

"Ìwọ lò ń ta ayédèrú irin fún àgbàlagbà tó kọ́ ẹ níṣẹ́, àbí? Ọwọ́ obìnrin kan ti lọ sí i."

Àwọn oníbàárà sún sẹ́yìn. Ìyàwó dá ìgbálẹ̀ dúró. Ajórin, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jọ pé kì í bínú, kàn na ọwọ́, ó ní, "Ẹ mú irin náà wá."

Ó gbé òòfà sún mọ́ ọn. Òòfà kò gbé e. Ó gbé e lé ìwọ̀n, ó sì gbé irin lásán tí wọ́n jọ tóbi kan náà lé e tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ìkejì lọ. Ó tan ẹ̀rọ, ó fi etí rẹ̀ kan òkúta. Iná tó ta jáde funfun báláú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú wọn.

"Irin míì kì í ta iná báyìí. Taiténíọ̀mù pọ́ńbélé ni. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ nǹkan kan."

Sájẹ́ǹtì wo àwọn oníbàárà, ó wo ìyàwó ilé. Kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ó jáde lọ dúró lẹ́bàá ọkọ̀ bí ẹni pé wọ́n pè é.

"Ẹ forí jì í," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Èwo wá ni ti àwọ̀ aró yìí?"

Ajórin gbé ojú ibi tó ṣẹ́ náà sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. "Ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ nìyẹn. Irin yìí, bó bá ti gbóná, kò gbọdọ̀ rí afẹ́fẹ́. Gáàsì la fi ń bò ó, níwájú àti lẹ́yìn, títí yóò fi tutù. Bó bá dán bíi fàdákà, ó dára. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko gbígbẹ, a lè fara mọ́ ọn. Bó bá ti di aró, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, ó ti di ẹlẹgẹ́. Ó rẹwà lójú o, àwọn kan tiẹ̀ máa ń dá a sí ara ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ní ojú ibi tí a jó pọ̀, àìsàn ni."

"Ẹni tó jó o kò mọ̀?"

"Ó mọ̀. Wọ́n ti fi bébà oníyanrìn fá a lókè, kó má hàn. Inú ni wọn ò lè dé."

"Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń jó idà pọ̀?"

"Wọn kì í jó o pọ̀. Odindi ni idà, látorí dé ìrù. Àfi tí ẹnì kan bá gé ìrù ẹ̀ kúrú jù nígbà tó ń wá ibi tó ti dọ́gba, tí kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé òun ṣì í gé."

Jẹ́jẹ́ fi ìlà mẹ́ta náà hàn án. "Èyí ńkọ́?"

"Bí Bàbá bá ti rí ibi tí idà ti dọ́gba, wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ fa ìlà síbẹ̀. Ẹyọ kan." Ó rí i pé òun ti sọ jù.

"Ẹyọ kan. Mẹ́ta ló wà níbí. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kúrò lọ́dọ̀ wọn?"

"Mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn, wọ́n ní kí n máa lọ."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Ajórin pa ẹ̀rọ. "Ọ̀gá mi ni wọ́n, Àǹtí. Wọ́n bọ́ mi, wọ́n kọ́ mi níṣẹ́. Ohun tí mo rí, ojú mi ló rí i. Ẹnu mi kọ́ ló máa bọ́ aṣọ lára wọn."

*

Kí wọ́n tó dé àgọ́, ọmọbìnrin náà ti dé síwájú wọn. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé àpò kékeré kan lé itan.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo gé ìrù idà náà kúrú. Èmi ni mo jó o pọ̀, tí mo sì fi awọ bò ó. Bàbá mi ò mọ̀ sí i."

Inú Sájẹ́ǹtì dùn. Láti ilé iṣẹ́ Ajórin ni ó ti ń wá ibi tí yóò ti gba iyì rẹ̀ padà. "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀," ó wí, ó sì lọ sọ fún ọ̀gá àgọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n tì í mọ́lé, pé ilé ẹjọ́ ni àárọ̀ ọ̀la. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèré ni ẹni tó fara pa, ìwé ìròyìn ti ń béèrè. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni.

Jẹ́jẹ́ jókòó ti ọmọ náà. Ó mú okùn awọ tuntun kan jáde, ó sì na agbòjò rẹ̀ sí i. "Bá mi wé ọwọ́ agbòjò yìí. Ó ti bó."

Ọmọ náà wò ó bí ẹni ń wo wèrè, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣẹ́ kì í kọ iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń fi ìka méjì fà á, okùn ń ké fín-ín. Ó ki orí rẹ̀ bọ abẹ́, ó fi èékánná fà á jáde, ó gé e. Agbòjò náà ti dára ju bó ṣe wà lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ rà á.

"O ò lo eyín," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Eyín kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi eyín ṣe? Á ba awọ jẹ́." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló yé e, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Bàbá ẹ mọ̀ pé o wà níbí?"

"Wọ́n mọ̀."

"Kí ni wọ́n wí nígbà tí ò ń bọ̀?"

Ọmọ náà di àpò náà mọ́ra. "Wọ́n ní kí n mú ẹ̀wù òtútù dání."

Jẹ́jẹ́ dìde. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ti gbọ́ ohun tó burú ju ìyẹn lọ, àwọn tó fi àdá pa ara wọn, àwọn tó sun ilé mọ́ ẹbí. Ọkàn rẹ̀ kò rẹ̀wẹ̀sì báyìí rí. Ojú ń tì í bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ni.

*

Ní àárọ̀, òun nìkan ló padà sí ilé iṣẹ́ náà. Bàbá Onídà jókòó sídìí ẹ̀rọ tí kò tàn, aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ wà lára rẹ̀ títí dé ọrùn bí ẹni tí òtútù ń mú. Jẹ́jẹ́ kò tíì sọ̀rọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó tún lọ ti fèrèsé tó kọjú sí òpópónà.

"Bàbá, èmi àti ẹ̀yin nìkan ló wà níbí."

Bàbá ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpò aṣọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń fa ìlà sí ara idà, ẹyọ kan. Lára èyí, ẹ fa mẹ́ta. Ẹ gbé e lé ìka, ẹ rò pé ẹ̀yìn ló ń fà, ẹ gé ìrù ẹ̀. Ẹ tún gbé e lé e, ẹ tún gé e. Nígbà tẹ́ ẹ máa la ojú, ó ti kúrú jù. Ẹ jó ìrù míì mọ́ ọn. Ẹ̀yin ò mú gáàsì dé ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, ó di aró. Ẹ fá a. Ẹ ò sì lè gbé e fún ọmọ yín kó wé e, torí á rí i. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wé e, eyín lẹ fi fa okùn, nítorí ìka yín ò mọ̀ bóyá àwọn di nǹkan mú tàbí wọn ò dì í mú."

Ó mú ọwọ́ Bàbá látinú àpò aṣọ, jẹ́jẹ́. Àtàǹpàkò náà ti lé ròrò, ibi tó jó lánàá ti bó. Ó fi orí kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́. Bàbá ń wo ojú rẹ̀, kò mọ̀ pé ó tẹ òun.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Bàbá?"

"Ẹ̀rọ ni." Ó wo ẹ̀rọ ìpọ́nrin náà. "Bó ṣe máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ èèyàn ní gbogbo ọjọ́ ayé. Ìka á kọ́kọ́ máa funfun, á máa dùn mí tí òtútù bá mú. Nígbà tó yá, kò dùn mọ́. Mo dúpẹ́ nígbà yẹn. Mo rò pé ó ti san ni."

"Ajórin rí i."

"Ó rí i. Ó ní, Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bá yín gbé e lé ìka. Mo bú u, mo lé e."

"Ẹ tún wá dárúkọ ẹ̀ fún wa."

"Mo dárúkọ ẹ̀." Ó bo ojú. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ìyá mi. Ẹ ò mọ̀. Wọ́n ń mú ọmọ wọn wá wò mí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé mo ń dibọ́n?"

"Ikú yá ju ẹ̀sín lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú yín lẹ fi pààrọ̀ ẹ̀sín, Bàbá. Ọmọ yín ni."

Bàbá Onídà gbé orí lé tábìlì iṣẹ́. Ó sunkún bí àgbàlagbà ṣe ń sunkún, láìsí ohùn. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, "Nígbà tó gbé àpò, mo fẹ́ sọ pé kó má lọ. Mo la ẹnu, ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́. Ohun tó jáde ni pé kó mú ẹ̀wù òtútù. Mo jókòó síbí mọ́jú, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí mi. Irú bàbá wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ pe Sájẹ́ǹtì lórí fóònù, ó ní kó ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ náà, pé òun ń mú ẹni tó ni ẹjọ́ bọ̀.

"Ṣé ẹ sọ fún ọmọ mi pé kó dúró dè wá?" Bàbá béèrè.

"Sájẹ́ǹtì ní ọmọ yín ti ní òun ò ní dúró. Ajórin àti ìyàwó ẹ̀ ló wá mú un."

Bàbá gbọ́ ọ. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ iye nǹkan fún, tó sì rí i pé bó ṣe yẹ kó jẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọsibítù wà lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n yà kí obìnrin náà. Kó má jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò sọ fún un."

*

Aránṣọ náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì títí dé ìgúnpá. Ó kéré ju bí Bàbá ṣe rò lọ. Kò sí àga, Bàbá sì kúnlẹ̀ kí Jẹ́jẹ́ tó lè dá a dúró, àgbàlagbà onírun funfun, lórí ilẹ̀ ọsibítù, lójú àwọn aláìsàn yòókù.

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó sọ nípa ìka rẹ̀, nípa ìrù idà, nípa aró tó fá, nípa Ajórin tó parọ́ mọ́. Nígbà tó kan ọmọ rẹ̀, ó sọ ìyẹn náà. Àwọn aláìsàn tó wà nítòsí yí ojú sí ògiri, nítorí ìtìjú ẹlòmíràn a máa wúwo fún ẹni tó ń wò ó.

Jẹ́jẹ́ ń retí èébú. Ó ti múra sílẹ̀ láti dá obìnrin náà lẹ́kun bó bá fẹ́ fi ọwọ́ òsì gbá a. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó lè dun ojú ọgbẹ́.

Aránṣọ náà kò bú u. Ó wo ọwọ́ méjèèjì tí Bàbá nà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tí wọ́n fi ilé tí yóò máa gbé hàn.

"Ṣé ó máa ń dùn yín rárá?" ó béèrè.

"Rárá."

"Tẹ́ ẹ bá di nǹkan mú ńkọ́? Kọ́ọ̀pù, kọ́kọ́rọ́?"

"Ojú ni mo fi ń wò ó. Bí mo bá ti gbójú kúrò, á jábọ́."

Ó ronú sí i. "Bọ́tìnnì ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń so bọ́tìnnì yín?"

"Ọmọ mi ló ń bá mi so ó. Láràárọ̀, kí n tó jáde. Ó máa ń ṣe bí ẹni pé òun ń nu ẹ̀wù fún mi ni, kí ojú má baà tì mí."

"Láàárọ̀ yìí wá ńkọ́?"

Aṣọ àwọ̀lékè Bàbá ti yẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀, ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ látọrùn dé ìdodo, bọ́tìnnì kankan kò wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wá etí ẹ̀wù náà láti pa á dé. Ìka rẹ̀ kò rí i.